Ọyẹ́ Ti Dé: Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Ẹyẹ Etí Omi Kí Ẹ sì Ṣa Ìkarahun ní Àbújá Láìgbé Àìsàn Wálé

Ẹ bi ẹni tó ti Jabi Lake dé láàárọ̀ Sátidé pé ẹyẹ wo ló rí. Yóò ní òun rí lékeléke. Yóò tún ní òun rí àwọn ẹyẹ kéékèèké kan báyìí, àwọ̀ wọn jọ ti ilẹ̀, wọ́n ń sáré lórí ẹrẹ̀, àmọ́ kí òun tó yọ fóònù wọ́n ti fò. Tí ẹ bá wá tú ọ̀rá tó gbé dání, ìkarahun tó ṣà ti ń rùn kó tó dé Gwarinpa, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kú nígbà tó ń kó o.

Àṣìṣe kan ló bí méjèèjì: ó sún mọ́ omi jù, ó sì tètè sún mọ́ ọn. Ní ìgbà ọyẹ́, omi adágún máa ń fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń fà ló ń ṣí ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ, òun náà ló sì ń fi ìkarahun òfìfo sílẹ̀ sókè lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn yóò rí nǹkan méjèèjì. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni àkókò rẹ̀ dáa jù, torí ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà, tí wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, máa ń wà lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí ẹ máa nílò

Báínókúlà ló máa gba owó jù. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ wá: 8 ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan súnmọ́, 42 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Àwọn tó ń tà á lè fẹ́ gbé 20x tàbí 30x fún yín pé ìyẹn ló lágbára. Ẹ má gbà. Ọwọ́ ènìyàn máa ń gbọ̀n, bí awò bá sì ń mú nǹkan súnmọ́ jù, gbígbọ̀n yẹn náà ló ń sọ di ńlá. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè pín ẹyọ kan lò.

Ìyókù kò wọ́n: ìwé kékeré àti pẹ́ńsù, bàtà òjò, ọ̀pá gígùn kan, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, táwẹ́ẹ̀lì, ike onídèérí tí ẹ tẹ́ tíṣù sínú rẹ̀, gálọ́ọ̀nù omi kékeré àti ọṣẹ láti ilé, ìbòmú nítorí eruku, àti súwẹ́tà tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ilẹ̀ tàbí koríko gbígbẹ. Ẹ fi aṣọ funfun sílẹ̀ di ọjọ́ ìsìn.

1. Ẹ yan ibi tó ní ẹrẹ̀

Ibi tó bá lẹ́wà lójú ènìyàn kì í sábà wu ẹyẹ etí omi. Ẹ̀gbẹ́ tí àga, súyà àti ọkọ̀ ojú omi wà, tí wọ́n fi òkúta tàbí kọnkéré sé bèbè rẹ̀, lékeléke àti ẹyẹ kan tàbí méjì lásán ni ẹ máa bá níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti rọra dà gẹ̀rẹ́ wọ omi ni kí ẹ wá, tí omi ti fà kúrò, tí ẹrẹ̀ tútù sì wà láìsí koríko gíga. Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps kí ẹ tó jáde nílé: àmùrè aláwọ̀ ilẹ̀ tó yí omi ká ni ẹ̀ ń wá.

Yàtọ̀ sí Jabi, Lower Usuma Dam wà lápá Ushafa ní Bwari. Omi tí Àbújá ń mu ni, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé. Àwọn ará wa ní Ìlọrin ní Asa Dam, àwọn tó wà ní Jẹ́bà àti New Bussa ní odò Ọya àti adágún Kainji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ẹni tó ń gbé Kánò sì lè lọ sí Tiga. Èyí tó ju gbogbo wọn lọ ni àbàtà Hadejia-Nguru lọ́nà Yobe àti Jigawa, níbi tí Dagona àti Nguru Lake wà, tí wọ́n ti kọ Nguru Lake mọ́ àwọn àbàtà pàtàkì àgbáyé lábẹ́ àdéhùn Ramsar láti ọdún 2000. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ìkìlọ̀: báínókúlà lọ́rùn ènìyàn lẹ́bàá dáàmù lè dá wàhálà sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ògiri dáàmù, afárá, bárékè tàbí ẹ̀ṣọ́. Kí ẹ tó jókòó, ẹ lọ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ àti àwọn apẹja. «Sannu da aiki», ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ lédè Hausa, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé báínókúlà fún un kó fi wo lékeléke kan. Mi ò mọ ohun tó ń rọ ọ̀rọ̀ lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ má ṣe dá lọ, kí ẹnì kan nílé sì mọ ibi tí ẹ wà.

Ẹ yẹ ẹrẹ̀ náà wò láti ibi tí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ oníka mẹ́ta àti ìgbẹ́ ẹyẹ funfun kéékèèké, ibẹ̀ dáa, bí ẹyẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí kò bá sí ipa kankan, ẹ yí adágún náà ká síwájú sí i.

2. Ẹ to báínókúlà mọ́ ojú yín nílé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé báínókúlà àwọn kò dáa, nígbà tó jẹ́ pé wọn kò tò ó rí. Ẹ tẹ ìdè àárín rẹ̀ títí tí òbìrí méjèèjì tí ẹ̀ ń rí yóò fi di ẹyọ kan. Ẹ fi ọwọ́ bo gíláàsì iwájú apá ọ̀tún, kí ẹ fi ojú òsì wo pátákó kan tó jìnnà, kí ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ àárín títí tí lẹ́tà ara rẹ̀ yóò fi mọ́lẹ̀. Ẹ wá bo ti òsì. Ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́ o; òrùka tó wà níbi tí ojú ọ̀tún ń wò ni kí ẹ yí títí tí pátákó kan náà yóò fi mọ́lẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí òrùka yẹn dúró sí. Ẹni tó ń lo awò ojú, kó yí rọ́bà ibi ojú wọlé. Ẹni tí kì í lò ó, kó yí i jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú lásán wo ológoṣẹ́ kan lórí táńkì omi ilé kejì. Ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé báínókúlà bọ̀ síwájú ojú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ kó lè rí báínókúlà, kó tó wá máa wá ẹyẹ kiri, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá lè gbé e sójú kí ológoṣẹ́ náà wà láàárín òbìrí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti ṣe tán láti jáde.

3. Ẹ dé kí oòrùn tó yọ, kí ẹ sì jókòó

Ní oṣù kìn-ín-ní, oòrùn Àbújá máa ń yọ ní nǹkan bí aago 6:45. Kí aago 6:30 bá yín lórí ìjókòó. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí oòrùn yóò ti yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹyẹ yóò dúdú bí òjìji. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó kékeré tàbí òkúta, ní ìwọ̀n mítà 40 tàbí 50 sí ẹrẹ̀, kí ẹ má sì dìde. Bí ọyẹ́ bá mú eruku púpọ̀ wá, ẹ má fojú wá òdìkejì adágún. Ti tòsí ló máa hàn.

Ẹyẹ tó wà níbẹ̀ yóò fò lọ nígbà tí ẹ dé. Kò burú. Láàárín ìdajì wákàtí, wọn yóò máa padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ kò bá ṣí. Spur-winged Lapwing ni ẹ̀ṣọ́ wọn: fìlà dúdú lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ funfun, àyà dúdú, ẹsẹ̀ gíga. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, kì í lọ òkè òkun, kò sì fẹ́ràn àlejò. Tó bá figbe ta, gbogbo ẹyẹ yòókù ló ń gbé orí sókè. Ẹ dákẹ́ títí tí òun náà yóò fi dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn nítorí fídíò. Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń jẹun kí wọ́n lè sanra tó láti tún Sàhárà fò padà ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, gbogbo fífò tí a bá fi dandan mú wọn fò ń dín ọ̀rá ìrìn àjò yẹn kù. Ajá àti dúróònù, ẹ fi wọ́n sílé.

Tí wọ́n bá tẹ orí sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń jẹ, ibi tí ẹ jókòó sí dára. Tí wọ́n bá na ọrùn tí wọ́n ń wò yín, ẹ ti sún mọ́ jù. Ẹ rọra fà sẹ́yìn.

Láti bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, ooru tó ń gòkè lórí ẹrẹ̀ máa ń mú kí àwòrán máa mì nínú báínókúlà. Ẹni tí kò bá lè jí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kó jáde.

4. Ẹ dá ẹyẹ mọ̀: ìrìn, àgógó, ẹsẹ̀, kí àwọ̀ tó kàn

Ibí yìí ló ń dá àwọn ènìyàn padà sílé. Àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ní àsìkò yìí sì rèé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò yìí ti bọ́ aṣọ ìyàwó, ìyẹn àwọ̀ ìgbà ìbímọ wọn, kúrò. Gbogbo wọn di aláwọ̀ ilẹ̀ àti eérú. Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá sáré díẹ̀, tó dúró ṣánṣán, tó tún ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún sáré, ẹbí plover ni. Èyí tó bá ń rìn lọ tó ń ṣá ẹrẹ̀ láìsinmi, ẹbí sandpiper ni. Lẹ́yìn ìyẹn, àgógó: ṣé ó gùn ju orí lọ? Ṣé ó tọ́ ni àbí ó tẹ̀? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó bá fò, funfun wo ló yọ, lápá ni tàbí nídìí?

Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé àwòrán ẹyẹ àti lórí fóònù, kó má baà ṣòro fún yín láti wá wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara Common Sandpiper. Òun nìkan ni kò kọ bèbè òkúta àti kọnkéré, òun nìkan ló sì sábà máa ń dá wà. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi, ó ń jó sókè sódò bí ẹni gbọ́ gángan. Funfun inú rẹ̀ gba iwájú apá gòkè sí èjìká. Tó bá fò, ó máa ń fò nísàlẹ̀ gan-an lórí omi, apá rẹ̀ á le, á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ìlà funfun á sì hàn lápá. Ẹ fi òwúrọ̀ kan odindi wo òun nìkan bó bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni ẹ ó ti máa fi wọn àwọn yòókù.

Wood Sandpiper jọ ọ́, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún tótòtó funfun, ìlà funfun kan gba òkè ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Tó bá fò, kò sí ìlà lápá. Ìdí rẹ̀ ló funfun. Green Sandpiper náà funfun nídìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí funfun yẹn fi ń gúnni lójú, ó sì fẹ́ràn kòtò omi kékeré ju adágún gbalasa lọ. Greenshank tóbi jù wọ́n, ó dà bí eérú, àgógó rẹ̀ gùn ó sì rọra tẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá gbọ́ tíù-tíù-tíù, ìró mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ẹ wá a.

Black-winged Stilt kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà: dúdú àti funfun lórí ẹsẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Little Ringed Plover ní àmùrè dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ láyà àti òrùka aláwọ̀ ìyeyè yí ojú ká. African Jacana, ọmọ ilẹ̀ wa, ni ẹyẹ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, iwájú orí rẹ̀ sì jẹ́ búlúù.

Ruff ló ń da àgbà láàmú. Akọ rẹ̀ tóbi ju abo lọ fíìfíì, tí ènìyàn á fi rò pé ẹ̀yà méjì ni. Orí kékeré lórí ọrùn gígùn, ẹ̀yìn tó dà bí ìpẹ́ ẹja, àgógó tí kò gùn púpọ̀: ìyẹn ni kí ẹ dì mú, kí ẹ sì fi àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó lè pọ́n, ó sì lè ṣe bí ewé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á ti ṣí fóònù kó tó wo ẹyẹ tán. Àwòrán orí fóònù á wá sọ ohun tí ẹ rí fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná.

Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sétí ẹni tí ẹ jọ wá, ẹni tí kò tíì wo ẹyẹ náà. Bí òun bá lè fi ọ̀rọ̀ yín nìkan mú un nínú àwòrán, ẹ rí i lóòótọ́. Bí kò bá lè mú un, ẹ padà sídìí báínókúlà.

5. Ẹ kà wọ́n

Bí wọn kò bá ju ogún lọ, ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ wo bí mẹ́wàá yẹn ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ sì fi ìwọ̀n rẹ̀ wọn agbo yòókù láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ kà á padà láti ọ̀tún sí òsì. Bí iye méjèèjì bá jìnnà síra wọn, ẹ tún un kà.

6. Ìkarahun: ìlà pàǹtírí ni ibi tí ẹ ó ti ṣà á

Ẹ dúró di bí aago mẹ́sàn-án, kí ẹyẹ ti jẹun díẹ̀. Ẹ má lọ sétí omi. Ẹ wá ìlà igi gbígbẹ, ọ̀rá àti ojúoró tó ti rọ, tó fi hàn bí omi ṣe ga tó lẹ́yìn òjò. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, kí ọ̀pá máa ṣíwájú ẹsẹ̀, nítorí ejò àti ẹrẹ̀ jíjìn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Àwọn tó dàgbà ní Èkó tàbí Badagry ti mọ́ra kí wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bọ omi. Òkun ní iyọ̀. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tó lè mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Omi adágún àti odò wa lókè níbí yàtọ̀. Inú ìṣáwùrú kéékèèké tó wà láàyè ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde sínú omi, ó sì ń gba ara tó já geere wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò nílò egbò, ẹ kò sì ní láti mu omi náà. Ọ̀sán gangan ló sì máa ń pọ̀ jù nínú omi. Nítorí náà, bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ má ṣan ìkarahun nínú adágún náà. Bí omi bá ta sí yín lára, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ gidi lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan kì í ṣe ààbò tó dájú. Ẹni tó bá wọ inú omi pátápátá, kó lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kó má sì dúró rárá bó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, bí ènìyàn sì ṣe wúwo tó ni dókítà fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ìkarahun òfìfo tó ti gbẹ kò lè kó o ràn yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀yà ìṣáwùrú púpọ̀ kì í kú ní ẹ̀ẹ̀rùn, sísùn ni wọ́n ń sùn. Pila, èyí tó tóbi, tó rí róbótó, máa ń wọ inú ẹrẹ̀, á fi ìdérí líle ti ẹnu ara rẹ̀ pa, á sì dúró de òjò. Ẹ bá ìdérí lẹ́nu rẹ̀? Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i. Bulinus, tó kéré, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, kò ní ìdérí rárá. Ó kàn ń fà sẹ́yìn sínú lọ́hùn-ún, ẹ ó sì rò pé òfìfo ni.

Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀: ẹ fi ìbọ̀wọ́ mú un, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ẹnu bá wà lápá òsì, tí gbogbo rẹ̀ kò sì ju èékánná lọ, ẹ fi sílẹ̀. Lanistes náà ní ẹnu lápá òsì, ṣùgbọ́n ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tó pẹlẹbẹ tó yí po bí owó kọ́bọ̀, Biomphalaria ni. Òun náà ń gbé àtọ̀sí ajá, ẹ fi í sílẹ̀. Melanoides gùn, ó tínrín, ó ní ṣóńṣó. Ẹnu rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Èyí tó ní apá méjì tó ń ṣí bí ìwé, inú rẹ̀ máa ń dán yinrin, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ní odò Ọya àti Benue, ẹ lè rí Etheria tó lẹ̀ mọ́ àpáta, ara rẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹ má fi ọ̀bẹ ṣí i kúrò. Àjákù tó ti bọ́ sílẹ̀ ti tó.

Owó ẹyọ kò sí nínú adágún wa. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lẹ́bàá omi, ẹnì kan ló gbé e wá síbẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọjá lọ.

Ẹyọ kan tàbí méjì nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó. Nínú ọgbà ìjọba bíi Dagona, ẹ má mú ohunkóhun.

Kí ẹ tó fi sínú ike, ẹ gbé e sétí kí ẹ mì ín, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ gbé e sí oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́, tí kò rùn, tí kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ni ẹ ó gbé lọ. Ẹ fi omi ilé àti ọṣẹ fọ ọwọ́.

7. Ẹ fọ̀ ọ́ láìba awọ ara rẹ̀ jẹ́

Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́. Bí nǹkan bá kù sínú rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan nínú ìkòkò tí ẹ kì í fi se oúnjẹ. Ẹ má fi fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án: wọ́n ń jẹ ẹfun tó di ìkarahun yẹn. Búlíìṣì sì ń bó awọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó bo ìta rẹ̀, àwọ̀ tó sì mú kó wù yín lẹ́bàá omi, ara awọ yẹn ló wà. Ẹ sá a sí ibòji; oòrùn ọyẹ́ máa ń mú kí èyí tó ní apá méjì sán. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ fi òróró ọmọdé díẹ̀ pa á.

Ẹ fi í sínú ike onídèérí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí i tí kò rùn, ó ti mọ́.

8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tutù

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi, ọjọ́, àti bóyá ìlà pàǹtírí tàbí orí àpáta ni ẹ ti rí ìkarahun náà, kí ẹ sì ká ìwé náà sínú rẹ̀. Kírétì ẹyin oníke ló dára jù láti tò wọ́n sí.

Fún ẹyẹ, ẹ fi í sórí áàpù eBird, tàbí BirdLasser tí àwọn Nigerian Bird Atlas Project, tó ń kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, ń lò. Ti atlas yìí pín ilẹ̀ sí ìpín tó tó nǹkan bíi kìlómítà 9 sí 9, ó sì fẹ́ kí ẹ lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ìpín kan. Ẹ má fi orúkọ tí ẹ kò dá lójú síbẹ̀. eBird gba «shorebird sp.», ẹyẹ etí omi tí a kò mọ ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, ìyẹn wúlò ju irọ́ lọ. Bó bá sì sọ pé ẹyẹ tí ẹ kọ ṣọ̀wọ́n ní Àbújá, kò túmọ̀ sí pé ẹ ṣì í: ẹ da ohun tí ẹ kọ sínú ìwé lẹ́bàá omi kọ síbẹ̀, ìrìn, àgógó, ẹsẹ̀, funfun tó yọ nígbà tó fò, kí ẹ sì fi àwòrán kún un bó bá wà. Bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá kọ̀wé sí yín, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀.